Ọjọ́ Tí Mọ́tò Ìdánwò Kọ̀ Láti Jí

"Ẹ tún kọ́kọ́rọ́ yẹn yí, sà," ni Elétí wí. Ó tẹ̀ síwájú mọ́tò, ó dẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ àṣírí fún.

Télọ̀ yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Ó tún un yí. "Kọ́." Télọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí, ó kọjú sí ìyá Elétí tó jókòó sórí àpótí lábẹ́ páànù ìsọ̀ wọn.

"Ìyá Rewáyà, ẹ gbà mí o! Bátìrì tuntun ni mo rà sí i yìí. Ẹ wò ó, ó ṣì ń dán. Síbẹ̀, mọ́tò ò dá mi lóhùn."

"Ta ló ní kí ẹ ra bátìrì, Ọ̀gá Télọ̀?"

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni."

"Ṣé ọ̀rẹ́ yín mọ̀ nípa mọ́tò?"

Télọ̀ rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. "Kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n."

Ìyá Rewáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó náà ń yọjú. Ẹ fara balẹ̀. Ọmọ mi máa gbọ́ ẹjọ́ mọ́tò yín."

Iṣẹ́ iná ọkọ̀ ni obìnrin yìí ń ṣe. Nígbà kan, àwọn ènìyàn máa ń bi í pé kí ló gbé obìnrin dé ìdí wáyà àti bátìrì. Àwọn tó ń bi í nígbà náà ti di oníbàárà rẹ̀ báyìí, ẹnu wọn sì ti wọhò. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé-ìwé iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń kọ́ níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Elétí, nítorí pé bí mọ́tò bá ti ń kọjá lójú títì báyìí, yóò dákẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ, yóò ní, "Bẹ́líìtì ìyẹn ti fẹ́ já." Bí wọ́n bá sì wá a lọ, wọn a rí i pé òótọ́ ni.

"Ìbéèrè àkọ́kọ́," ni ìyá rẹ̀ wí láti orí àpótí. "Ṣé ó ń yí àbí kò yí?"

"Kò yí, Màmá. Ó kàn ń dún 'kọ́' ni."

"Ká ní ó ń yí ṣùgbọ́n tí kò gbà ńkọ́?"

"Epo tàbí iná púlọ́ọ̀gì ni ǹ bá máa wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò yí yìí, ọ̀rọ̀ kò tíì dé ọ̀dọ̀ epo. Láàárín bátìrì àti sítátà tó ń yí ẹ́ńjìnnì ni ẹjọ́ wà." Ó yíjú sí Télọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tan iná iwájú, kí ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́."

Iná iwájú mọ́lẹ̀ kedere. Télọ̀ yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò dún "kọ́", iná náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Bátìrì yó," ni Elétí wí. "Ó ń gbé agbára fún sítátà, sítátà ni kò gbà á. Mo gbà pé kábọ̀nù tó ń gbé iná wọ inú ẹ̀ ló ti jẹ tán. Mọ́tò yìí ti rìn jìnnà."

Kò parọ́. Nọ́ńbà tó ń ka ìrìn mọ́tò náà ti yí dé òpin, ó ti padà bẹ̀rẹ̀ láti òdo bí ọmọ tuntun. Elétí mú òòlù, ó wọ abẹ́ mọ́tò, ó ní kí Télọ̀ di kọ́kọ́rọ́ mú, ó sì fi èèkù òòlù kan sítátà jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lójijì, ẹ́ńjìnnì yí, ó gbà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Télọ̀ ti ń jó. Elétí jáde lábẹ́ mọ́tò pẹ̀lú òróró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. "Ẹ má tíì jó, sà. Mo kàn ta á jí lójú oorun ni. Bí ẹ bá gbé e lọ báyìí, ojú ọ̀nà ni yóò tún ti sùn mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká tú sítátà yẹn, ká pààrọ̀ kábọ̀nù."

"Bátìrì tí mo rà wá ńkọ́?"

"Ẹ fi kí ọ̀rẹ́ yín," ni Ìyá Rewáyà dáhùn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń tú sítátà náà lọ́wọ́, ìyá rí i pé ọkàn ọmọ òun kò sí nínú iṣẹ́ pátápátá, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ìdánwò ìṣe wọn yóò wáyé. Ọ̀gá ilé ìtúnṣe bọ́ọ̀sì akérò fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá yẹ̀ wọ́n wò. Lẹ́yìn ìdánwò náà, yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀ láti kọ́ ọ ní iṣẹ́ àwọn mọ́tò ńláńlá, irú èyí tí kò lè dé ìsọ̀ onípáànù láéláé. Elétí fẹ́ àyè yẹn. Bó bá ń jẹun, àyè yẹn ló ń rò. Bó bá sùn, àyè yẹn ló ń lá. Kò sì bẹ̀rù, nítorí pé ó mọ̀ pé òun mọ iṣẹ́.

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ̀rù kẹ̀? Màmá, àwọn yòókù ni kí ẹ̀rù máa bà."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n má gbàgbé o, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Mọ́tò tó bá ti gbó, àìsàn rẹ̀ kì í jẹ́ ẹyọ kan. Jẹ́ kó sọ tẹnu ẹ̀ kí o tó dá ẹjọ́."

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni Elétí wí, bí àwọn ọmọ ṣe ń wí i nígbà tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan títí tí wọn kò gbọ́ ọ mọ́.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí Kíákíá dé. Kíláàsì kan náà ni òun àti Elétí wà, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n láti ọdún àkọ́kọ́. Wọ́n sọ ọ́ ní Kíákíá nítorí pé kò sí ohun tí kì í fi ìkánjú ṣe. Bó bá fẹ́ kí ènìyàn, á ti kọjá onítọ̀hún kí ìkíni tó parí. Ó kí Ìyá Rewáyà, ó sì fa Elétí sí ẹ̀yìn ìsọ̀ níbi tí wọ́n to táyà àlòkù sí.

"Fíúsì pọ́ǹpù epo," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí ló ṣe é?"

"Òun ni wọ́n máa yọ lára mọ́tò ìdánwò lọ́la. Mo gbàgbé aṣọ iṣẹ́ mi, mo padà lọ mú un. Ojú fèrèsé ni mo wà tí Tíṣà wa fi ń dán an wò. Ó yọ fíúsì, ó yí kọ́kọ́rọ́, mọ́tò yí títí kò gbà, ó dá fíúsì padà, mọ́tò gbà. Ó ti fíúsì sápò, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí ẹ yìí."

Elétí bojú wẹ̀yìn. "Kí ló dé tí o wá ń sọ fún mi?"

"Háà! Ṣé kì í ṣe ọ̀rẹ́ la jẹ́ ni? Èmi ni mo máa kọ́kọ́ wọlé lọ́la, ìwọ lo tẹ̀ lé mi. Bí ipò kìíní bá bọ́ lọ́wọ́ èmi, kó má bọ́ lọ́wọ́ ìwọ. Kí ẹlòmíràn má ṣáà gbà á."

"Mo mọ iṣẹ́ mi o, Kíákíá. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi."

"Ta ló ní o ò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n aago máa wà lọ́wọ́ Ọ̀gá yẹn. Ẹni tó bá yá ló ń gba máàkì jù. Nígbà tí ìwọ bá ṣì ń dẹ etí, tí ò ń tan iná, tí ò ń pa á, èmi á ti jáde, mo ti ń mu omi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Elétí lára. Ó yẹ kó sọ pé òun kò fẹ́ irú ẹ̀. Ó yẹ kó ní kí Kíákíá lọ bá Tíṣà. Kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ó tú táyà kan wò bí ẹni pé táyà ló ń rà, ó ní, "Ó dàárọ̀," ó sì padà sídìí sítátà Télọ̀. Ní gbogbo àkókò tó kù, ohun kan ló ń sọ fún ara rẹ̀: "Èmi kọ́ ni mo bi í. Òun ló sọ fún mi." Ẹ wo ọgbọ́n àgbọ́njù! Bí ẹni tó jẹ ẹran tí wọ́n jí kò bá jẹ̀bi, ta ni yóò jẹ̀bi?

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo kíláàsì wọn jókòó sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń dúró kí wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí gbọ̀ngàn iṣẹ́. Nínú gbọ̀ngàn náà ni mọ́tò ilé-ìwé wà, mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Arúgbó. Kò sí ẹni tó rántí àwọ̀ tó ní nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ń fẹ́ kí ènìyàn gbé e sókè kó tó lè tì í, àga rẹ̀ sì ti fọn bí àpò òfìfo. Síbẹ̀, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

"Ẹni àkọ́kọ́!" ni Tíṣà pè. Kíákíá fò dìde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn náà fún yín, bí Elétí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà náà. Kíákíá jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì yí dáadáa, "rì-rì-rì-rì", kò gbà. Kíákíá mọ ohun tó kàn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á pé bí òun bá lọ tààrà sí ìdí fíúsì, Ọ̀gá tó ń yẹ wọ́n wò yóò fura. Ó wá ronú pé kí òun kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń wádìí. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tú wáyà kúrò lórí bátìrì, ó fi ọ̀bẹ kékeré ha á bí ẹni tó ń tún un ṣe. Kò sí ohun tó ṣe orí bátìrì náà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dá wáyà padà, sípánà ti wà lórí tábìlì lọ́hùn-ún, aago sì ń lọ. Ó fi ọwọ́ tẹ wáyà náà mọ́lẹ̀, ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ń kọ̀wé lọ́wọ́, kò rí ìyẹn. Kíákíá wá fi fíúsì síbi tó ṣófo, ó yí kọ́kọ́rọ́, Bàbá Arúgbó jí, ó gbọ̀n rìrìrì, ó gbọ̀n títí wáyà tí wọn kò dè fi sún kúrò láyè rẹ̀ díẹ̀. Kíákíá pa á, ó jáde.

Tíṣà wọlé, ó tún fíúsì yọ gẹ́gẹ́ bí ètò ṣe wí. Kò wo bátìrì, nítorí pé kò sí ìdí tí yóò fi wò ó.

Kíákíá kọjá lára Elétí lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣẹ́jú sí i. Elétí wọlé.

Ọkùnrin kúkúrú kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Ó ní aago kan lọ́wọ́, ó sì ní pákó tó fi ń kọ̀wé lábẹ́ apá. "Mọ́tò yìí kò ṣiṣẹ́," ló wí. "Bẹ̀rẹ̀."

Elétí kí i dáadáa, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ tààrà lọ sí ìdí fíúsì lábẹ́ ibi ìdarí. Àyè kan ṣófo lóòótọ́. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣa fíúsì tó bá a mu láti inú agolo orí tábìlì, ó tì í sáyè, ó jókòó, ó sì yí kọ́kọ́rọ́ bí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn ilé ara rẹ̀.

"Kẹ́."

Ó rò pé òun kò yí i tán ni. Ó tún un yí. "Kẹ́." Àwọn iná kéékèèké iwájú rẹ̀ kú, wọ́n tún padà tàn.

Fíúsì wà níbẹ̀. Kí ló tún kù? Ó yọ fíúsì náà, ó wò ó, ó tún un fi sí i. "Kẹ́." Aago ń lọ. Elétí gbé ọwọ́ lé ibi ìdarí, ó sì mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ì tíì ṣe iṣẹ́ kankan láti ìgbà tí òun ti wọlé. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún un lẹ́yìn ìsọ̀ ló ń ṣe. Ojú tì í, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó tíì bá a wí.

Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ó ń yí àbí kò yí?" ló bi ara rẹ̀ sókè.

Kò yí. Bí fíúsì pọ́ǹpù nìkan bá ni, ẹ́ńjìnnì ì bá máa yí láìgbà. Ká ní ó ti yí kọ́kọ́rọ́ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ohùn àkọ́kọ́ tí mọ́tò yìí sọ ni ì bá ti sọ fún un pé nǹkan mìíràn tún wà. Ó tan iná iwájú, ó sì lọ wò ó. Ó mọ́lẹ̀ lára ògiri iwájú mọ́tò. Ó padà wá yí kọ́kọ́rọ́: iná náà kú pátápátá lára ògiri. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀: iná tún tàn.

"Bátìrì kọ́," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ti ń padà bọ̀ sípò. "Bí bátìrì bá kú, iná ò ní mọ́lẹ̀ báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Agbára wà níbẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà kọjá ni kò dán mọ́rán. Ó gba iná kékeré, kò lè gba ti sítátà."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ìka kan wáyà orí bátìrì, wáyà náà sì yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó rí ojú ibi tí ọ̀bẹ ti ha á, ó tutù, ó ń dán. Lẹ́sẹ̀kan náà ló mọ ẹni tó ṣe é àti ìdí tó fi ṣe é. Ó lọ mú sípánà, ó dè é le, ó padà yí kọ́kọ́rọ́. Bàbá Arúgbó jí, ó ń gbọ̀n.

Ọ̀gá tẹ aago dúró, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"O wọlé, o lọ sí ìdí fíúsì kí o tó yí kọ́kọ́rọ́ rárá. Kí ló gbé ọ lọ síbẹ̀?"

Ìdáhùn kan wà tó rọrùn. Elétí lè sọ pé, "Mo máa ń fi ojú wo gbogbo nǹkan kí n tó fọwọ́ kàn án, sà." Ìdáhùn gidi ni, kò sì sí ẹni tó lè já a ní koro. Ó tilẹ̀ ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rí àyè tó ń fẹ́ níwájú rẹ̀ kedere, ó rí ara rẹ̀ nínú aṣọ iṣẹ́ ilé ìtúnṣe bọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dùn ún ni pé kò sí ẹni tó mọ mọ́tò bíi tirẹ̀ ní kíláàsì wọn, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni, sà," ló wí.

"Wọ́n sọ kí ni?"

"Pé fíúsì pọ́ǹpù ni ẹ máa yọ. Mo ti mọ̀ láti àná. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé á jẹ́ kí n yá."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, sà. Tèmi ni mo lè fẹnu mi jẹ́wọ́. Kí ẹni tó sọ fún mi náà fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ tiẹ̀."

Ọkùnrin náà kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí bátìrì, ó wo ibi tí wọ́n ha, ó mi orí, ó sì pe Tíṣà wọlé. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Ojú Tíṣà korò bí ewúro nígbà tó jáde.

"Ìdánwò tàárọ̀ ti di òfo," ni Ọ̀gá kéde fún gbogbo kíláàsì. "Èmi fúnra mi ni màá dá àìsàn mìíràn sí mọ́tò lára, n kò sì ní sọ ọ́ fún Tíṣà yín pàápàá. Gbogbo yín ni yóò ṣe é. Ẹni tó ṣe àkọ́kọ́ yóò tún ṣe." Ó yíjú sí Elétí. "Ìwọ ni yóò gbẹ̀yìn. Kò sí máàkì ìyára fún ọ. Òdo ni mo ti kọ síbẹ̀, bó o yá bó o kò yá."

Ariwo sọ nínú kíláàsì. Kíákíá wo Elétí bí ẹni pé ó fẹ́ fi ojú jẹ ẹ́.

Kíákíá ni wọ́n kọ́kọ́ tún pè. Ó wọlé, ó sáré lọ sí ìdí fíúsì. Gbogbo wọn pé pérépéré bí eyín ọ̀dọ́. Láti ìgbà náà, kò mọ ibi tó kàn mọ́. Ó tú èyí, ó fọwọ́ kan tọ̀hún, títí Ọ̀gá fi ní ó tó. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn kan rí i, àwọn kan kò rí i. Nígbà tó kan ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́, ó pẹ́ nínú ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti sùn sínú mọ́tò. Ó jáde, ó jókòó, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìkẹyìn ni Elétí. Nígbà yìí, kò wo aago ẹnikẹ́ni. Ó jókòó, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sì dẹ etí.

"Ó ń yí dáadáa, sà. Kò gbà. Nítorí náà bátìrì àti sítátà kò jẹ̀bi." Ó dá kọ́kọ́rọ́ padà díẹ̀, ó tún ṣí i, kò yí i tán. Láti ẹ̀yìn mọ́tò, nǹkan kan kùn "mmm" ó sì dákẹ́. "Pọ́ǹpù epo ń ṣiṣẹ́. Màá wo iná púlọ́ọ̀gì." Ó tú púlọ́ọ̀gì kan, ó fi irin púlọ́ọ̀gì náà kan irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Ọ̀gá jọ̀ọ́ kó bá òun yí kọ́kọ́rọ́. Iná kò ta. Ó dán òmíràn wò, kò ta. "Bó bá jẹ́ ọ̀kan ni kò ta, púlọ́ọ̀gì ni ǹ bá bá wí. Nígbà tí kò sí èyí tó ta, ẹjọ́ ti lọ sókè, sí ibi tí gbogbo wọn ti ń gba iná." Ó fi ìka tọ wáyà náà láti orí púlọ́ọ̀gì dé orí kọ́ìlì, tó ń fún gbogbo wọn ní iná. Wáyà tó so mọ́ ọn wà láyè rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n wọ́n ti fà á sẹ́yìn díẹ̀. Ó tì í wọlé, ó dún "tá", ó sì ní, "Ẹ yí i báyìí, sà."

Ọ̀gá yí i. Bàbá Arúgbó jí.

"Kí ẹ tó pa á, sà," ni Elétí fi kún un, "ẹ bá mi sọ fún Tíṣà pé wáyà ilẹ̀ tó so bátìrì mọ́ ara mọ́tò yìí ti ń hu ewé, ìpẹtà ti ń bò ó. Kò tíì ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, Ọ̀gá rẹ́rìn-ín.

Jẹ́jẹ́ ló gba àyè náà. Ọ̀gá pè é síwájú, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo wọn. "Bọ́ọ̀sì tí à ń tún ṣe ń kó èèyàn tó kún inú ẹ̀. Bí ẹnì kan bá tún bíréèkì ṣe nítorí ohun tó gbọ́ lẹ́nu ọ̀rẹ́, tí kò yẹ bíréèkì yẹn wò fúnra ẹ̀, èmi ni màá lọ ṣàlàyé fún ìyá àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀. Ọmọ yìí pẹ́, ṣùgbọ́n kò fo nǹkan kan." Elétí ló tẹ̀ lé e. Máàkì ìyára tí wọ́n yọ kúrò nínú tirẹ̀ ni kò jẹ́ kó bá a.

Ó dùn ún. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kò dùn ún. Síbẹ̀, ó pàtẹ́wọ́ fún Jẹ́jẹ́ tọkàntọkàn. Nígbà tí Ọ̀gá ń kó ẹrù rẹ̀, Elétí lọ bá a.

"Ṣé ẹ tún máa mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, sà?"

"Ọdọọdún ni. Àwọn tó ti jáde ní ilé-ìwé pàápàá lè wá."

"Ẹ máa rí mi, sà."

"N kò ṣiyèméjì," ni ọkùnrin náà wí, ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí àgbà ṣe ń bọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ẹnu géètì ni Kíákíá ti bá a. Ó ti lọ jẹ́wọ́ fún Tíṣà fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ìbínú rẹ̀ kò ì tíì rọlẹ̀.

"Ṣó o rí ohun tí ẹnu ẹ kó bá ọ? Ká ní o dákẹ́ ni, ìwọ ni Ọ̀gá yẹn ì bá mú! Òótọ́ tó o sọ yẹn ló gba àyè lọ́wọ́ ẹ."

Elétí dúró. Ó ti ń rò ó láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ Jẹ́jẹ́, ó sì ti rí i.

"Rárá o, Kíákíá. Òótọ́ kọ́ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo lọ sí ìdí fíúsì láìyí kọ́kọ́rọ́, ìgbà yẹn gan-an ni mo ti pàdánù ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sọ òótọ́, àyè yẹn ti lọ. Ara mi ni mo fi òótọ́ gbà padà."

Wọ́n jọ rìn lọ. Nígbà tí wọ́n dé oríta tí wọ́n ti máa ń pínyà, Kíákíá ní, "Kí ló tilẹ̀ ṣe mọ́tò yẹn lẹ́ẹ̀kejì? Mo wò ó títí."

"Tẹ̀ lé mi lọ sí ìsọ̀, màá fi hàn ọ́," ni Elétí wí. "Ṣùgbọ́n o máa rìn jẹ́jẹ́ o."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń lọ jókòó ìdánwò, ẹ gbọ́ mi. Àṣírí ìdánwò tí wọ́n sọ sí yín létí lè bọ́ sí òótọ́, kó sì tún ṣì yín lọ́nà, nítorí pé ìbéèrè tí ẹ gbọ́ lánàá kọ́ ni yóò wà níwájú yín lónìí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní láti máa jí èsì kiri. Ẹni tó bá sì ti ṣì í ṣe, kó tètè sọ ọ́, kó sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.